BÍ A TI Ń DIWỌ̀N ÀÌSÀN TÍ KÌ Í LỌ

Orúkọ tí àwọn àgbà fún àrùn ẹ̀jẹ̀ abínibí kan, fòníkú-fọ̀ladìde, fi hàn pé wọ́n ti kíyèsí bí ó ti ń pín ọjọ́ ayé ènìyàn. Lónìí egungun ń ro aláìsàn lórí ẹní. Lọ́la ó gbé ọkọ́ lọ sí oko. Ní ọdún 1910 ni oníṣègùn James Herrick, ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé. Nígbà tí irú hóró bẹ́ẹ̀ bá dí ojú iṣan ni ìrora ń dé.

Àyẹ̀wò a máa sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí aláìsàn ti sùn. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń bi òun fúnra rẹ̀ léèrè. Ìwé SF-36, tí ó jáde ní 1992, ní ìbéèrè 36: ǹjẹ́ ó lè gun àtẹ̀gùn? Ǹjẹ́ ó lè gbé ẹrù? Ǹjẹ́ ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì? A ń ṣírò ìdáhùn láti 0 dé 100. Èyí tí ó ga ni ó sàn.

Nínú ilé, ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Ní alaalẹ́ kí a kọ ìrora sílẹ̀ láti 0 dé 10, pẹ̀lú oorun, àti iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ a máa fi ìrora pamọ́ kí a má baà pè wọ́n ní ọ̀lẹ, èyí tí í ṣe ìwà ìkà sí wọn. “Ara ń dùn mí” kò sọ púpọ̀ fún oníṣègùn. “Ọjọ́ 9 ni n kò lè dé oko ní oṣù yìí” lè mú kí ó yí ìtọ́jú padà.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, tàbí àyà ń dùn ún, tàbí èémí kò já gaara, kí a fi ìwé sílẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.