Ọ̀nà Àbùjá Láti Èdè Kan sí Èkejì Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a wà níbi ìsìn ìsìnkú bàbá àgbàlagbà kan ní agbègbè Òmùò-Èkìtì. Nínú ìwé ètò ìsìn tí wọ́n pín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé “Baba fi ogun sile fun awon omo re,” láìsí àmì kankan. Ogún ni ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ogun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kà á sókè pè é. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ olóògbé kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ti wà láàárín wọn kí bàbá tó kú.

Nígbà tí a pe akọ̀wé tí ó tẹ ìwé náà sí kọ̀rọ̀, a rí i pé kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fà á. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá dà pọ̀ nínú ètò náà láti ojú ewé kìíní dé èyí tí ó kẹ́yìn, nígbàkígbà tí ó bá sì fẹ́ yí èdè padà, yóò gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, yóò wá mouse, yóò tún wá igun ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó di ọ̀gànjọ́ òru, ó sú u.

Àwa tí a ti pẹ́ tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí rántí bí olùkọ́ Yorùbá wa ṣe ń gé máàkì fún àmì ohùn tí a bá gbàgbé. A rántí ìwé ìdánwò tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀, tí wọ́n wá ń fi bírò kan àmì sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àmì náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá lórí wọn. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Time & language, kí ẹ sì fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ó wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kíbọ́ọ̀dù méjì ti wà nínú ẹyọ kan. Bọ́tìnnì tí ọwọ́ ń tẹ̀ kò yí padà; lẹ́tà tí ó ń jáde ni ó ń yí. Ọ̀nà àbùjá méjì ni a bá níbẹ̀. Èkíní ni kí ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì gígùn tí a fi ń fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀. Èkejì ni Alt apá òsì pọ̀ mọ́ Shift.

Èkejì yìí ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ìka a máa kan méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. A mọ àlùfáà kan (a kò ní sọ bóyá àwa ni) tí ó rò pé wọ́n ti ṣe nǹkan sí kọ̀ǹpútà òun.

Láti tún un ṣe, ẹ kọ Advanced keyboard settings sínú àpótí tí a fi ń wá nǹkan, ẹ ṣí i, kí ẹ sì tẹ Input language hot keys. Ìlà àkọ́kọ́ nínú àkójọ tí yóò jáde ni ti ìyípo láti èdè dé èdè. Change Key Sequence yóò jẹ́ kí ẹ fi Ctrl àti Shift rọ́pò Alt àti Shift, tàbí kí ẹ yan Not Assigned kí ó má ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ìlà tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn ni a sì fẹ́ràn jù. A fún Yorùbá ní Ctrl, Shift àti 1. A fún Gẹ̀ẹ́sì ní Ctrl, Shift àti 2. Ìyípo a máa gbé ni lọ sí èdè tí ó bá kàn, ojú sì gbọ́dọ̀ máa wo ibi tí a wà. Èyí a máa gbé ni lọ tààrà, ibi yòówù kí a wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà a pa ìyípo yẹn rẹ́ pátápátá. Akọ̀wé wa ṣe bákan náà, kò sì tún fọwọ́ kan mouse nítorí èdè mọ́.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìwọlé o. Bí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá bá ṣí nígbà tí ẹ ń tan kọ̀ǹpútà, lẹ́tà mìíràn lè jáde, kò sì ní gbà yín wọlé. Bọ́tìnnì Windows àti àlàfo yóò yí i padà níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti Windows lè gba èyí tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2016. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Mac náà, níbi tí Control àti àlàfo ti ń yí èdè padà.

Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wà ní ẹ̀yìn ìwé yìí, títí kan ti àwọn tí wọ́n ti lọ. Bí ẹ bá rí èyí tí àmì rẹ̀ kò pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ bí ó ti yẹ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú.