Kí Ni Ẹ Ó Sọ fún Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kò Yá?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ajégúnlẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jọ ń sùn. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lóru nípa àìsàn ọmọ yín, ẹ má ṣe rò pé ó ti sùn. Ó ń gbọ́ yín. Ohun tí kò bá sì yé e, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ìtumọ̀ sí i, ìtumọ̀ ọmọdé a sì máa burú ju òtítọ́ lọ. Yóò ní bóyá nítorí àìgbọràn òun ni ẹsẹ̀ ṣe ń ro òun. Bóyá òun ni òun ń sọ ìyá òun di ẹlẹ́kún.

Ẹ jẹ́ kí a mú àìsàn kan tí kò ṣàjèjì sí wa, sickle cell, tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ wo ọmọ ọdún méje tí ó gbọ́ pé ikú wà nínú orúkọ àìsàn tí ń ṣe òun! Láyé àtijọ́, a máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àbíkú, a sọ wọ́n ní Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́, a sì fi abẹ kọ wọ́n lára. Lónìí a mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà, àti pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe nawọ́ sí ìyá nìkan. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà.

Báwo ni a ó ṣe là á yé ọmọdé? Ìwé aláwòrán ni. Ní Ìlú Ọba, Jenica Leah, tí òun náà ní àìsàn yìí, kọ irú rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ó pè é ní My Friend Jen. Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa ní ọjọ́ 30 oṣù March, ọdún 1920 ó lé ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni 2020, nítorí àrùn Kòrónà, kò pẹ́ tí àwọn àjọ àgbáyé fi gbé ìwé My Hero is You jáde. Ó ti di kíkà ní èdè tí ó lé ní 100. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ ọ́, wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọdé, òbí àti olùkọ́ tí ó ju 1,700 lọ bí nǹkan ṣe rí lára wọn.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín: “Kí ni ìwọ rò pé ó ń ṣe ọ́?” Lẹ́yìn náà, bí owó ìwé òkèèrè bá wọ́n yín, ẹ mú ìwé ìkọ̀wé kan àti pẹ́ńsù.

Ní ojú ìwé kìíní, ẹ ya ohun róbótó bí àkàrà: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn tí ó fi ń yọ̀ kọjá nínú iṣan. Ní èkejì, ẹ ya oṣù tuntun, irú èyí tí a ń wá lójú ọ̀run kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ a máa tẹ̀ báyìí. Ní ẹ̀kẹta, ẹ ya tírélà. Ọmọ Àpápá mọ bí ọ̀nà Wọ́ọ̀fù ti ń rí nígbà tí tírélà bá dábùú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá há sí bẹ́ẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀kẹrin, ẹ ya omi mímu púpọ̀, oògùn, aṣọ òtútù àti àwọ̀n ẹ̀fọn, nítorí ibà a máa ru àìsàn náà sókè. Ní ẹ̀karùn-ún, ẹ ya nọ́ọ̀sì tòun ti abẹ́rẹ́, kí ẹ sì sọ òtítọ́ pé yóò dùn ún díẹ̀.

Àwòrán kò nílò ògbufọ̀. Ọmọ Ìjọ̀, ọmọ Ígbò àti ọmọ Haúsá tí ẹ jọ ń gbé yóò rí i, wọn yóò sì mọ̀ pé àìsàn náà kì í ràn. Bí ẹ bá sì ní ìbéèrè, ilé-iṣẹ́ Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò béèrè pé, “Ṣé n óò kú ni?” Ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe purọ́ fún un. Ẹ wí pé: “Ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí gbogbo wa wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wọn rí bí tìrẹ ti dàgbà, wọ́n ti bímọ. Bí ara bá ti ń ro ọ́, tètè sọ fún wa. A kò ní fi ọ́ sílẹ̀.”

Ẹ fi ojú ìwé tí ó kẹ́yìn sílẹ̀ lófìfo. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ya àwòrán sí i.