Ìṣàkóso ìlànà iṣẹ́

Ìṣàkóso ìlànà iṣẹ́ ni ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ ń gbà tọpa iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó lè mọ ibi tí àkókò, owó tàbí ọjà ti ń ṣòfò, kí ó sì tún ibẹ̀ ṣe. Ìlànà iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀ka ilé-iṣẹ́. Ẹ̀ka ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ wà lójú kan. Ìlànà ni ọ̀nà tí iṣẹ́ ń tọ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ibi tí ẹnì kan ti ń fà á lé ẹnì kejì lọ́wọ́ ni àṣìṣe ti sábà máa ń wáyé.

Ìtàn ní ṣókí

Èrò náà ti pẹ́. Ní ọdún 1776, Adam Smith, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì, ṣàlàyé pé bí a bá pín iṣẹ́ pínnì ṣíṣe sí nǹkan bí ìgbésẹ̀ 18, ènìyàn 10 lè ṣe pínnì tó lé ní 48,000 lójúmọ́. Frederick Winslow Taylor, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde ní 1911 nípa bí a ṣe lè fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ darí iṣẹ́. Ní 1990, Michael Hammer kìlọ̀ pé kí a má ṣe gbé kọ̀ǹpútà lé orí ìlànà tí kò dára, kàkà bẹ́ẹ̀ kí a pa á rẹ́, kí a sì dá òmíràn.

Àpẹẹrẹ láti ọjà Mile 12

Ọjà Mile 12, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò sì ní ọ̀gá kan tí ó ń darí gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń fi ìṣòro ìlànà iṣẹ́ hàn kedere ju ọ́fíìsì lọ. Tòmátì tí a ká ní Kano máa ń rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà kí ó tó dé ibẹ̀. Àgbẹ̀ ká a, oníṣòwò rà á, awakọ̀ gbé e, alábàárù sọ̀ ọ́ kalẹ̀, alágbàtà bá olówó tà á, alárọ́bọ̀ sì pín in káàkiri ọjà ìlú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe ipa tirẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ kí ọjà bàjẹ́. Iye tí a sábà máa ń dárúkọ fún tòmátì tí ó ń ṣòfò ní Nàìjíríà lẹ́yìn ìkórè lé ní 40 nínú 100.

Agbọ̀n wà lára ohun tí ó fà á. Agbọ̀n tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ hun máa ń tẹ̀. Bí a bá tò wọ́n léra nínú ọkọ̀, ẹrù òkè a máa tẹ èso ìsàlẹ̀ fọ́, ẹnu igi tí ó mú a sì máa gún un. Kéréètì oníke le ní tirẹ̀, etí ara wọn ni wọ́n ń jókòó lé, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú wọn kọjá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí. Agbọ̀n kò wọ́n, a kì í sì í retí kí ó padà sí Òkè Ọya. Kéréètì gbọ́dọ̀ padà, kí a fọ̀ ọ́, kí a kà á. Ta ni yóò san owó ìpadàbọ̀? Kano ni a ó ti ra kéréètì, ṣùgbọ́n Èkó ni èrè rẹ̀ ti ń hàn. Ìṣòro mìíràn ni òṣùwọ̀n: agbọ̀n ni a fi ń dá owó lé ọjà, kì í ṣe kílò, a sì lè fi òkìtì kún ẹnu rẹ̀. Kéréètì kò gba òkìtì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pààrọ̀ agbọ̀n láìtún ètò owó, òṣùwọ̀n àti ìpadàbọ̀ ṣe, ohun èlò lásán ni ó pààrọ̀. Kò tíì fọwọ́ kan ìlànà.

Bí a ṣe ń ṣe é

A ó kọ́kọ́ ya àwòrán ọ̀nà náà bí ó ti rí gan-an, kì í ṣe bí ìwé ilé-iṣẹ́ ti sọ pé ó yẹ kí ó rí. Lẹ́yìn náà ni a ó wọn àkókò, tí a ó sì ya àkókò iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò ìdúró. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wákàtí 2 ni a fi já ẹrù tírélà kan, ṣùgbọ́n ó ti dúró fún wákàtí 5 lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé gbogbo ọkọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àfikún alábàárù kò lè wo ìyẹn sàn. Pípín àkókò wíwọlé fún àwọn ọkọ̀ ni ó lè ṣe é. A ó yan ẹni tí yóò máa jíhìn fún gbogbo ọ̀nà náà, a ó dán àtúnṣe wò níwọ̀nba, a ó sì tún wọn àkókò.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti dáwọ́ lé kíkọ́ ibùdó ńlá fún oúnjẹ sí Kétu-Ereyun ní Ẹ̀pẹ́ (kì í ṣe Kétu ti Kòsọ́fẹ́, tí ó wà nítòsí Mile 12). Ibi ìpamọ́ oúnjẹ wà nínú ètò rẹ̀. Bí tòmátì bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà rẹ̀ láti Òkè Ọya yóò ní ìdúró kan sí i, ẹni tí yóò sì jíhìn fún ọjà níbi ìdúró yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí àwòrán náà gbọ́dọ̀ fi hàn.