Yàrá abẹ́ ilé: Ẹ wo fèrèsé kí ẹ tó kun ọ̀dà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ra ilé ní Amẹ́ríkà ló ń sọ abẹ́ ilé di yàrá, pàápàá tí ìyá bá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Kápẹ́ẹ̀tì àti ọ̀dà lè dúró. Fèrèsé kò gbọdọ̀ dúró. Òfin tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń tẹ̀ lé ní kí àlàfo rẹ̀ ga tó íǹṣì 24, kó fẹ̀ tó 20, kó tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 5.7 lápapọ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì ga ju íǹṣì 44 lọ, kí ẹni tó sùn lè gbabẹ̀ sá jáde bí iná bá sọ. (Màmá tí orúnkún ń dùn ńkọ́?)

Omi tún wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò Ida ya wọ New York lóṣù Kẹsàn-án, ọdún 2021, èèyàn 11 ló kú sínú yàrá abẹ́ ilé. Bí ògiri bá ń rin, ẹ má tíì bò ó. Ẹ jẹ́ kí ìyá sùn lókè, kí baálé ilé lọ sùn sórí àga pálọ̀.