Àwọn àfikún ẹ́ńsáìmù àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́

Àwọn kókó pàtàkì
- Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ń dí ọ̀nà èémí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní COPD, pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 ènìyàn kárí ayé ní ọdún 2021.
- Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé àfikún ẹ́ńsáìmù tí a ń gbé mì ń wo àìsàn yìí.
- Aláìsàn kò gbọdọ̀ torí àfikún pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì.

Kí ni àwọn ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí?
Èéfín sìgá àti èéfín igi ìdáná ń gbé àwọn èròjà apanilára wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ara fúnra rẹ̀ ní àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń pa agbára èròjà bẹ́ẹ̀. Superoxide dismutase àti catalase wà lára wọn. Bí èéfín bá pọ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè borí ààbò yìí. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbà pé ẹ́ńsáìmù inú ike oògùn yóò dí àlàfo náà.

Kí ló dé tí gbígbé e mì kò fi ràn án?
Purotéènì ni ẹ́ńsáìmù. Bí ó bá dé inú ikùn, yóò dà gẹ́gẹ́ bí ẹran àti ẹyin ti ń dà. Agbára káká ni èyíkéyìí fi lè dé ẹ̀dọ̀fóró ní odindi.

Àwọn àfikún mìíràn tilẹ̀ lè ṣe ìpalára. Beta-carotene kì í ṣe ẹ́ńsáìmù, ṣùgbọ́n èrò kan náà ni a fi ń lò ó. Ní Finland, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 láàárín àwọn ọkùnrin amusìgá tí ó lé ní 29,000 fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó lò ó.

Rírà láti ọjà
Ní àárín ìlú Accra, ní agbègbè Cow Lane àti Okaishie tí a mọ̀ mọ́ òwò oògùn, ẹni tí èémí ń ni lára lè ra àfikún láìtíì rí dókítà. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ Food and Drugs Authority ti Gánà lára àfikún oúnjẹ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo COPD. Owó ínhélà ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ.

Ohun tí ń ṣèrànwọ́
- jíjáwọ́ nínú sìgá mímu;
- yíyẹra fún èéfín ìdáná;
- lílo ínhélà bí a ti júwe rẹ̀;
- abẹ́rẹ́ àjẹsára;
- eré ìdárayá lábẹ́ ìtọ́sọ́nà.

Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera bi aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń rà lò, láìbá a wí. Bí aláìsàn kò bá lè parí gbólóhùn kan nítorí èémí, tàbí tí ètè rẹ̀ ń dúdú, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.