2,147,483,647: Nọ́ńbà Tí Kò Gba Pípín

Ẹ mú 1, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2. Ẹ tún un ṣe: 4, 8, 16. Bí ẹ bá ṣe é títí tó fi pé ìgbà 31, tí ẹ wá yọ 1 kúrò nínú ohun tí ẹ rí, 2,147,483,647 ni yóò kù. Yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà odidi tó lè pín in láìsí àṣẹ́kù. Irú rẹ̀ là ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́, bíi 7 àti 13.

Ti 7 kò le láti mọ̀. Ta ni yóò wá jókòó ti èyí tó lé ní bílíọ̀nù méjì? Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ni. Ó kọ àbájáde rẹ̀ sínú lẹ́tà kan ní 1772. St. Petersburg ló wà nígbà náà, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ohun tó wú mi lórí jù ni bí iṣẹ́ tó ku fún un láti ṣe ṣe kéré tó.

46,341 lọ́nà 46,341 ti ju nọ́ńbà wa lọ. Nítorí náà, bí nọ́ńbà méjì bá para pọ̀ bí i, ọ̀kan nínú wọn kò lè ju 46,340. Ó ti dín wàhálà kù, àmọ́ kò tíì tó.

Ẹ wo àbúrò rẹ̀. Ìlọ́po méjì nígbà 11, kí ẹ yọ 1, ó di 2,047. Èyí ṣe é pín: 23 lọ́nà 89 ni. Ẹ wá wo 23 yẹn dáadáa, 22 àti 1 ni. 89 jẹ́ 88 àti 1. Ìlọ́po 11 ni 22, bẹ́ẹ̀ náà ni 88. Kì í ṣe èèṣì, òfin ni. Ní ti 31, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá máa pín nọ́ńbà wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 62 (31 lọ́nà 2, torí nọ́ńbà tí 2 kò lè pín nìkan ló lè pín in) pẹ̀lú 1 lórí. Irú wọn tí kò ju 46,340 jẹ́ 747 péré. Òfin kejì ní kí àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 1 tàbí 7 bí a bá fi 8 pín in. Ìdajì tún bọ́ sílẹ̀. Èyí tó kù láti dán wò kò ju 373 lọ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó pín in.

Àìgbapípín yìí wúlò fún kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ ṣẹ́ kèké. Ní 1988, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Park àti Miller, dábàá ọ̀nà kan: mú nọ́ńbà kan, sọ ọ́ di ìlọ́po 16,807, fi 2,147,483,647 pín in, àṣẹ́kù ni kèké rẹ, fi àṣẹ́kù náà bẹ̀rẹ̀ padà. Gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2,147,483,646 ni yóò jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí èyí àkọ́kọ́ tó padà wá. Ká ní ohun kan ń pín nọ́ńbà wa ni, bí kèké bá ti bọ́ sórí ìlọ́po ohun náà lẹ́ẹ̀kan, àárín àwọn ìlọ́po rẹ̀ ni yóò máa yí ká, kò ní í jáde mọ́.