Àánú nínú ilé iṣẹ́: ṣé òfin ló ń dí ọ̀gá lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ Amazon kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé nǹkan bí 14,000 òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yóò lọ. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ ọ̀hún sọ iye tó jèrè láàárín oṣù mẹ́ta: ó lé ní bílíọ̀nù 21 dọ́là. Andy Jassy, ọ̀gá àgbà wọn, fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ló fà á.

Nínú àríyànjiyàn tó tẹ̀lé e, ohun kan ni mo ń gbọ́ ṣáá: ẹ má dá ọ̀gá lẹ́bi, òfin ló ní kó wá èrè tó pọ̀ jù lọ fáwọn tó ní ìpín ìdókòwò, bó bá ṣíjú àánú wo òṣìṣẹ́, wọ́n á pè é lẹ́jọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ètò kapitálíìsì ń sọ ọ́, àwọn tó kórìíra rẹ̀ náà ń sọ ọ́. Tọ̀tún tòsì wọn ló ṣì í gbọ́. Ó sì yẹ ká tú u palẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbà pé òfin ló ti ilẹ̀kùn kò ní bi ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ohunkóhun.

Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí ni èyí tí àwọn ọmọ ìyá méjì, John àti Horace Dodge, pe ilé iṣẹ́ Ford, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Michigan dá lọ́dún 1919. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ náà ló jẹ́ ti àwọn Dodge. Ní oṣù kìíní ọdún 1914, Henry Ford ti sọ owó òòjọ́ òṣìṣẹ́ di dọ́là márùn-ún, bí ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. (Kì í ṣe àánú nìkan: òṣìṣẹ́ ń sá lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń rán àwọn èèyàn lọ wo ilé wọn bóyá wọ́n ń mutí.) Nígbà tó di 1916, ó ní òun ò ní pín èrè àkànṣe mọ́. Ó ní òun ti jèrè tó, òun fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sétí odò Rouge, kí òun sì dín owó ọkọ̀ kù kí mẹ̀kúnnù lè rà á. Inú bí àwọn Dodge. Wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ tiwọn nígbà náà, èrè tó ń wá láti ọ̀dọ̀ Ford sì wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé. Ford náà kò ṣàìmọ̀.

Adájọ́ Ostrander kọ ọ́ sínú ìdájọ́ pé nítorí èrè àwọn onípìn-ín gan-an la ṣe ń dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ pé kí Ford pín owó tó lé ní mílíọ̀nù 19 dọ́là. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé. Wọn kì í ka apá kejì: ilé ẹjọ́ kan náà kọ̀ láti dá iṣẹ́ etí odò náà dúró, wọn ò sì fagi lé owó dọ́là márùn-ún. Àwọn adájọ́ ní àwọn kì í ṣe oníṣòwò.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú òfin Amẹ́ríkà, bí olùdarí kò bá jalè, tí kò fi ipò wá ire ti ara rẹ̀, tó sì wádìí ọ̀rọ̀ kó tó pinnu, ilé ẹjọ́ kò ní máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìpinnu rẹ̀ gbọ́n. Ní 1968, onípìn-ín kan nínú ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù Chicago Cubs pe àwọn olùdarí lẹ́jọ́ ní Illinois, nítorí pé Philip Wrigley, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, kọ̀ láti fi iná sí pápá kí wọ́n lè máa gbá a lálẹ́. Wrigley ní ti àwọn aládùúgbò lòun ń rò. Onípìn-ín ní owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ilé ẹjọ́ ní òun ò ní dá sí i. Bí èèyàn bá lè torí aládùúgbò fi èrè sílẹ̀, ta ni yóò ní kó má torí òṣìṣẹ́ fi díẹ̀ sílẹ̀, bó bá ṣáà ti lè sọ pé yóò ṣe ilé iṣẹ́ láǹfààní lọ́jọ́ iwájú?

Òfin tiwa ò tilẹ̀ fi bò. Abala 305 nínú òfin ilé iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020, CAMA, ní kí olùdarí máa ro ti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ti àwọn onípìn-ín. Abala 172 nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2006 sọ ohun tó jọ ọ́. Àbùkù òfin méjèèjì ni pé ilé iṣẹ́ ni wọ́n fún lágbára láti fi mú olùdarí. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kò lè fúnra rẹ̀ fà á yọ pé wọn ò ro tòun.

Milton Friedman ńkọ́, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí wọ́n fi ṣe baba ìsàlẹ̀ èrò yìí? Lóòótọ́, ó kọ ọ́ sínú New York Times Magazine ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970 pé ọ̀gá tó ń fi owó ilé iṣẹ́ ṣàánú, owó olówó ló ń ná. Ṣùgbọ́n nínú àpilẹ̀kọ kan náà, ó ní wíwá èrè gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òfin ìlú àti lábẹ́ ìwà tí àwùjọ kà sí ọmọlúàbí. Nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1962, ó dábàá pé kí ìjọba máa fowó kún ti ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó. Kò lé àánú kúrò nílé ayé. Àpò ẹnìkọ̀ọ̀kan àti ti ìjọba ló kó o sí. Lójú tèmi, bí àwùjọ bá kà á sí ìtìjú pé ilé iṣẹ́ tó ń jèrè ń lé èèyàn, ìlànà Friedman fúnra rẹ̀ mú ọ̀gá náà.

Kí ló wá ń ti ọ̀gá? Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sanwó fún un ni. Láti àwọn ọdún 1990, ìpín ìdókòwò ni wọ́n fi ń san èyí tó pọ̀ nínú owó àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà. Bí iye ìpín bá ròkè, òun náà ló ń lówó sí i.

Aaron Feuerstein kò sí nínú ìdè yẹn, ilé iṣẹ́ ìdílé ni tirẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó pé ẹni àádọ́rin ọdún, ní oṣù kejìlá 1995, ni iná jó Malden Mills, ilé iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ ní Methuen, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Kò kó owó adójútòfò lọ jókòó. Ó tún ilé iṣẹ́ kọ́, ó sì ń san owó àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lọ́dún 2001 gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ilé iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó yá a lówó. Àwọn kan ní àánú ló pa á. Kò dá mi lójú bẹ́ẹ̀: gbèsè àtúnkọ́ àti aṣọ olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà ni mo rò pé ó wúwo ju owó oṣù lọ. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọkàn baba arúgbó kan ṣoṣo ni gbogbo ìrètí òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn so rọ̀ mọ́.

Ní Jámánì, wọn ò fi í sílẹ̀ fún ọkàn ọ̀gá nìkan: òfin ọdún 1976 fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìdajì àga nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 2,000 lọ. Mi ò rò pé àánú ọ̀gá ibẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíràn. Ní oṣù kejìlá 2024, Volkswagen àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ IG Metall fẹnu kò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìjíròrò àti ìyanṣẹ́lódì: iṣẹ́ tó lé ní 35,000 yóò dín kù títí di 2030, àmọ́ wọn ò ní lé ẹnikẹ́ni tipátipá.